Ilá Tí Kò Fà: Ọjọ́ Márùn-ún Nídìí Oúnjẹ Íńdíà ní Èkó

Ọjọ́bọ̀

Oúnjẹ òde ni mò ń sè ní Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń dín sàmósà. Kò sí ìgbéyàwó tàbí ìkómọjáde kan tí wọ́n máa pè mí sí tí wọn ò ní béèrè small chops: pọ́fù-pọ́fù mẹ́rin, spring roll méjì, sàmósà méjì, kí wọ́n wá gbé itan adìyẹ kékeré lé e lórí. Bí oorun bá ń kùn mí, ọwọ́ mi á ṣì máa ká sàmósà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi yínmú nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè láti Èkó pé òun àti ọkọ òun fẹ́ gbé mi lọ jẹ oúnjẹ Íńdíà nítorí ọjọ́ ìbí mi.

"Oúnjẹ Íńdíà wo? Ìrẹsì tí wọ́n da kọ́rì sí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà máa bọ̀."

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ní Mọ́níyà. Láti 2021 tí ọkọ̀ yẹn ti ń kó èrò, n kì í gba títì márosẹ̀ lọ sí Èkó mọ́ àfi tí mo bá ní ìkòkò àti agbada láti kó. Kìlómítà 157 ni wọ́n ní ojú irin náà gùn. Mo sun èyí tó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó kọjú sí mi ló jí mi ní Agége, wọ́n ní, "Dìde o, o ti ń hanrun." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Láti ibùdókọ̀ Alágoméjì, dánfó gbé mi dé Palmgrove, kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé mi wọ Ìlúpéjú. Ẹni tó bá mọ Ìlúpéjú á mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Íńdíà tó wà ní Èkó fi ṣe ilé. Ibẹ̀ ni ilé ìwé wọn, Indian Language School, wà. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, mò ń wo àwọn ìyá mẹ́ta tó ró sàrí, tí wọ́n ń rìn yípo ọgbà, tí ẹnu wọn ò dákẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn náà ò sì dúró.

Mo rántí tíṣà wa. Lọ́dún 1983, ìyá Íńdíà kan ló ń kọ́ wa ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama. Tíṣà Íńdíà pọ̀ nílé ìwé wa nígbà yẹn. Abọ́ irin alájà mẹ́ta ni wọ́n fi máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, tí wọ́n bá sì ti ṣí i, àwa tó jókòó níwájú á dimú. Lọ́jọ́ kan tí mo yanjú ìṣirò kan tí gbogbo kíláàsì ò rí ṣe, wọ́n fa búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan yọ nínú abọ́ náà, wọ́n fi fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo sì lọ jù ú sẹ́yìn ṣáláńgá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Ẹtì

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la kúrò nílé, aago méje kọjá la dé Victoria Island. Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, ju kìlómítà 11 lọ, àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ta ló ń fi kìlómítà wọ̀n ọ́n? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Èéfín ẹja yíyan Mákòkó ń wọlé láti apá ọ̀tún, àbúrò mi ní ká yí gíláàsì sókè, mo ní kó fi sílẹ̀. Ebi ti ń pa mí.

N kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ náà, torí pé mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo máa rò níwájú. "Gastropub" ni wọ́n fi iná aláwọ̀ búlúù kọ sára ògiri. Àna mi, tó ti gbé ní London rí, ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ní 1991, àwọn ọkùnrin méjì gba ilé ọtí kan tó ń jẹ́ The Eagle ní Clerkenwell, London, wọ́n ní àwọn ò ní máa fi ẹ̀pà lásán ti ọtí, àwọn máa se oúnjẹ tó lórúkọ fún ẹni tó bá wá mutí. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe ìtàn?" ni mo wí. "Bíà pálọ̀ tó wà ní Mọ̀kọ́lá nígbà tí mo wà lọ́mọdé ńkọ́? Ẹja àrọ̀ á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú báàfù, oníbàárà á fọwọ́ tọ́ka sí èyí tó wù ú, kó tó mu ìgò kejì tán ẹja ti di ọbẹ̀ ata."

"Òótọ́ ni, mà. Àwa ò ṣáà sọ ọ́ lórúkọ ni."

Àga gíga ni wọ́n kọ́kọ́ fi wá sí, nídìí káńtà ọtí. Ẹsẹ̀ mi ń mì dirodiro. Mo ní kí wọ́n bá mi wá àga tó ní ẹ̀yìn, ẹni ọdún 55 kì í gun igi jẹun. Wọ́n gbà. Iná ibẹ̀ pupa rúsúrúsú, orin ń dún gan-an, fèrè Íńdíà lórí ìlù Afrobeats, ó sì bára mu ju bí mo ṣe rò lọ. Kò sí ìwé oúnjẹ. Fóònù ni wọ́n ní ká fi ya àwòrán onígun mẹ́rin kan lára tábìlì, kí orúkọ oúnjẹ tó jáde. Mo gbé fóònù mi fún àbúrò mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rí ni sàmósà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó bà mí nínú jẹ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé wá tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, ó jókòó lórí ìdí ara rẹ̀ bí òkè, èèpo rẹ̀ nípọn, ó ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò sì ní kókó afẹ́fẹ́ kankan lára. Kò sí ẹran nínú rẹ̀ rárá, ànàmọ́ òyìnbó àti gíríìnì píìsì ni. Èyí tí èmi ń dín, tí mo fi ìwé spring roll ká, tí ẹran lílọ̀ díẹ̀ sá pamọ́ sí igun kan nínú rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kọ́. Bóyá ìbátan ọ̀nà jíjìn.

Lẹ́yìn náà ni ohun róbótó mẹ́fà kan dé, pánì púrì. Ó dàbí pọ́fù-pọ́fù tí inú rẹ̀ ṣófo, ó gbẹ, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Wọ́n ti lu orí rẹ̀, wọ́n ki ànàmọ́ àti ẹ̀wà díẹ̀ sínú, omi ewé tútù kan sì wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mà, ẹ bu omi yìí sí i, kí ẹ sì jù ú sẹ́nu lódidi," ni ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ohùn rẹ̀ sọ ọ́. Èmi tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bí a ṣe ń jẹun níwájú àlejò, mo gé e ní ìdajì. Omi náà ya, ó di ara búbá léèsì funfun mi. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èkejì ni mo jẹ bó ṣe yẹ: ó fọ́ lẹ́nu, omi tútù tú jáde, míǹtì, ata, àjàgbọn, kíkan rẹ̀ sì mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti ń ra àwìn. Mo jẹ mẹ́rin nínú mẹ́fà náà. Ọjọ́ ìbí mi ni.

Pánírì ló tẹ̀ lé e. Wọ́n gún un mọ́ igi bí súyà, wọ́n fi yájì pa á lára (ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ fún wa pé àwọn náà ti di ará Èkó nìyẹn), wọ́n sì sun ún. Mo gé ẹyọ kan, mo jẹ ẹ́, mo gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀.

"Wàrà nìyí."

Àna mi ní kì í ṣe wàrà. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ọbẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Wọ́n ń fi ohun kíkan dì í ni, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn Fúlàní tiwa sì ń fi oje ewé bọmubọmu dì í, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ dín in, ẹ sun ún, kò ní yọ́ lórí iná bíi wàrà òyìnbó. Ẹyọ mẹ́fà, ₦17,000. Ìyá Fúlàní tó máa ń ta wàrà fún mi ní Ọ̀jọ́ọ̀ kò mọ ohun tó gbé lórí.

Ilá ló wá pa mí lẹ́nu mọ́. Wọ́n gé e gbọọrọ, ó gbẹ, àlùbọ́sà àti àwọn hóró kéékèèké kan wà lára rẹ̀ tó ń ta sánsán. Mo fi fọ́ọ̀kì gbé e sókè, mo ń retí kó fà. Kò fà. Okùn kan báyìí kò bá a jáde. Mo fi ẹyọ kan sáàárín ìka méjì, mo tẹ̀ ẹ́, kò yọ̀. Ìyàwó tó bá se irú ilá yìí fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹrù rẹ̀ á ṣáájú rẹ̀ délé. Àmọ́ ó dùn. Ó dùn débi pé inú ń bí mi, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo bẹ ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn kó bá mi pe ọ̀gá alásè. Ó lọ, ó bọ̀, ó ní ọwọ́ wọn dí. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ̀, ó ní àṣírí ilé ìdáná ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Gíláàsì ni wọ́n fi pín ilé ìdáná náà, nítorí náà mo lọ dúró síbẹ̀ fúnra mi. N kò rí ilá, ṣùgbọ́n mo rí ààrò wọn, tàndúùrì. Àmù amọ̀ ńlá ni, èédú ń pọ́n nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan fi ìyẹ̀fun pípò sórí tìmùtìmù kékeré kan, ó ti ọwọ́ bọ inú iná yẹn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri àmù náà. Kí n tó ka ọgọ́rin, ó ti fi irin gígùn fà á jáde, ó ti wú, ó ti jó díẹ̀díẹ̀ bí awọ àmọ̀tẹ́kùn. Náànù, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, nìyẹn; "naan" ni wọ́n ń kọ ọ́. Mo mú un lọ́wọ́ nígbà tó dé tábìlì, mo kọ́kọ́ wò ó díẹ̀ kí n tó ya á. Àbúrò mi bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí.

Ìdílé Íńdíà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bàbá, ìyá, ọmọ méjì. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn fi ń jẹ, ọwọ́ òsì wà lórí itan, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń fi pàṣán kọ́ wa. Mo lọ fọ ọwọ́. Láti ibẹ̀ lọ ni mo ti ń gbádùn ara mi.

Ọbẹ̀ adìyẹ oníbọ́tà tí gbogbo èèyàn ń pariwo kò ya mí lẹ́nu. Tòmátì, bọ́tà, ìpara wàrà, ó ń dùn bí oyin. Oúnjẹ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Ìjà tó wà nídìí rẹ̀ dùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ: ní 2024, ilé oúnjẹ méjì tí baba ńlá wọn jọ ṣòwò rí gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ ní Delhi, wọ́n ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ sè é.

Bìríyánì ewúrẹ́ ni mo máa rántí. Ìkòkò kékeré kan ni, wọ́n fi ìyẹ̀fun pípò dí ẹnu rẹ̀ yíká kí ooru má bàa jáde. Ọmọ Ìjẹ̀bú fi ọbẹ gé e níwájú wa, òórùn tó jáde mú àwọn tábìlì méjì yíjú. Wọn kì í ro ó bí a ṣe ń ro jọ̀lọ́ọ̀fù. Wọ́n á bọ ìrẹsì ní àbọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ lórí ẹran, wọ́n á dí i pa, wọ́n á fi iná jẹ́jẹ́ sí i. Ìrẹsì dá dúró ní hóró kọ̀ọ̀kan, ẹran ń bọ́ lára egungun. Kànáfùrù odidi wà nínú rẹ̀, mo gé ọ̀kan jẹ láìmọ̀, ètè mi kú fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ata wọn kò tó. Mo sọ ọ́ fún àna mi, ó ní nítorí òyìnbó ni wọ́n ṣe rọ̀ ọ́, pé ará Íńdíà ń jẹ ata jù wá lọ. Ó tún sọ ohun kan tó ń rìn lọ́kàn mi títí di ìsinsìnyí: pé àwọn Pọtogí ló gbé ata yìí kúrò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pé títí di nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, kò sí ata rodo ní Íńdíà, kò sì sí ní Ìbàdàn. Àwọn Pọtogí kan náà tó sọ Èkó ní Lagos. Kí làwọn baba wa wá ń fi se ọbẹ̀? Ó ní ataare àti iyèrè. Mo ní wọ́n kú ìyà.

Ọtí kan tí wọ́n ń pè ní IPA ni àna mi mu. "I" inú orúkọ náà, Íńdíà ni: ọtí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn níbẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n pọ̀ òdòdó kíkorò sínú rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́ lójú omi. Mo tọ́ ọ wò. Omi ewúro àkọ́fọ̀ ni.

Ẹjọ́ mi wá rèé. Oúnjẹ àti ọtí jẹ́ ₦118,000. Wọ́n fi VAT 7.5% lé e, wọ́n fi owó orí oúnjẹ ti ìpínlẹ̀ Èkó 5% lé e, mi ò bá ìjọba jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi owó iṣẹ́ 10% sí i fúnra wọn, láìbi ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ di ₦144,550. ₦300 ni mò ń ta sàmósà kan. Ó ju ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ó lé ọgọ́rin sàmósà lọ, wọn ò sì jẹ́ kí n rí ọ̀gá alásè. Àna mi san án lórí POS láìwo nọ́ńbà. Mo fún ọmọ Ìjẹ̀bú ní ₦2,000 lọ́wọ́, mo ní kó má fi hàn wọ́n.

Àbámẹ́ta

Búbá náà kò funfun mọ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo wọ BRT lọ sí CMS, mo fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Òkè-Àrín. Mo fẹ́ ra hóró tó wà lára ilá yẹn. Àlájà tí mo kọ́kọ́ bá ta kànáfùrù àti ata ilẹ̀ pupa fún mi, ó wọ̀n ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàpèjúwe hóró náà, ó nawọ́ sí páálí kọ́rì. "Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, Àǹtí." Mo rìn dé ìsọ̀ mẹ́rin. Páálí kọ́rì ni gbogbo wọn ń nawọ́ sí. Oòrùn pa mí, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, mo padà sílé.

Àìkú

Ohun tí mo wá dé Òkè-Àrín wà ní ilẹ̀kùn kejì sí ti àbúrò mi.

Mọ̀mí Íńdíà ni gbogbo ọgbà ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Èkó, ará Gujarat ni wọ́n, wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹyin. Gẹ̀ẹ́sì wọn ní Yorùbá nínú, pàápàá Yorùbá ọjà: "Ó ti wọ́n jù," "Gbé e wálẹ̀," "Fi ènì sí i." Àbúrò mi lọ rò fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun kò sùn nítorí ilá. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, kí n mú ilá lọ́wọ́.

Mo dé ibẹ̀, mo gbé ilá sínú omi, mo mú ọbẹ. Wọ́n gba ọbẹ lọ́wọ́ mi. "Ó tì o!"

Odidi ni kí n fọ̀ ọ́. Kí n fi aṣọ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ kó gbẹ. Ọbẹ gbígbẹ, pákó gbígbẹ. Agbada tó fẹ̀, òróró tó gbóná, kí n má ṣe dé e, kí n má ṣe bu omi sí i, kí n má fi iyọ̀ sí i àfi tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu ìyẹ̀fun kan wọ́n ọn, ó kan. Máńgòrò àìpọ́n ni, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n lọ̀ ọ́. Ó di kedere sí mi nígbà náà. Àwa ń rẹ́ ilá, à ń bu omi sí i, à ń jù káún sí i kó lè fà. Gbogbo ohun tí wọ́n ní n má ṣe ni ìyá mi fi kọ́ mi. Káún ń fà á, kíkan ń gé e. Ilá kan náà ni, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé e gbà.

Hóró náà, kúmìn ni. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí páálí kọ́rì rí kí àwọn tó dé Nàìjíríà. Àwọn ará gúúsù wọn, àwọn Tamil, ní ọ̀rọ̀ kan, "kari", tó túmọ̀ sí ọbẹ̀. Òyìnbó gbọ́ ọ, ó lọ lọ ohun oríṣiríṣi pọ̀ sínú páálí, ó lẹ orúkọ yẹn mọ́ ọn, ó kó o wá fún àwa. Ìkòkò mi ní Ìbàdàn ti gba ọ̀pọ̀ páálí òyìnbó.

Mo béèrè sàmósà. Wọ́n béèrè bí iná mi ṣe máa ń rí. Mo ní ó máa ń gbóná, kó lè yá, àwọn oníbàárà ń dúró. Wọ́n mi orí. Iná jẹ́jẹ́ ni, òróró tó kàn ń hó díẹ̀díẹ̀, kó pẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ni kò fi ní yọ kókó. Wọ́n ní kí n fi òróró pa ìyẹ̀fun náà lára dáadáa kí n tó bu omi sí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ búrẹ́dì pẹlẹbẹ lórí irin gbígbóná ni mo sọ ti tíṣà wa fún wọn, ti 1983, ti ẹ̀yìn ṣáláńgá. N kò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Wọ́n fi ìka yí búrẹ́dì náà, ó wú. Wọ́n fi bọ́tà pa á, wọ́n gbé e sínú àwo mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Wọ́n gbé òmíràn lé e.

Ajé

Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Mọ̀mí Íńdíà di kúmìn, ìyẹ̀fun máńgòrò àti oríṣi méjì mìíràn tí n kò tíì mọ orúkọ wọn sínú ọ̀rá fún mi, wọ́n kọ̀ láti gba owó. A ò tíì kúrò ní Agége tí òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo kóòṣì. Bàbá kan tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn na ọrùn wá.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, àgbo kí lẹ gbé dání yẹn?"

Mo ní, "Àgbo ilá ni, sà."

Ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣé ti jẹ̀díjẹ̀dí ni?